Mẹ́jọ fún Èyí Tó Máa Fọ́

Ní gbogbo Ọjọ́rú, bí aago mẹ́ta bá ti lù, Ràímì kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Ì báà jẹ́ pé yàrá tó ń lẹ táìlì sí ku ìlà kan péré, á fọwọ́, á ha síméǹtì kúrò léèékánná, á sì kọjú sọ́nà ilé. Múdàṣírù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti fi ṣẹ̀fẹ̀ títí.

"Ọ̀gá, Ọjọ́rú yín yìí ṣá! Àbí ẹ ti gbé ìyàwó tuntun síbì kan tẹ́ ò jẹ́ ká mọ̀?"

Ràímì á rẹ́rìn-ín, á bá tirẹ̀ lọ. Kì í ṣe ìyàwó. Ìṣirò ni, ìṣirò àwọn ọmọ JSS 2.

Aasiyah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló máa ń pè é ní aago mẹ́rin ààbọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní àdúgbò Command ló ń gbé, fóònù ìyá rẹ̀ ló sì fi ń pè. Á ka asáìmẹ́ǹtì tí tíṣà fún wọn sí bàbá rẹ̀ létí, bàbá náà á sì bá a tò ó díẹ̀díẹ̀ títí ìdáhùn á fi jáde. Ogún ìṣẹ́jú ni. Bó bá pẹ́ jù, ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di Ọjọ́rú mìíràn. Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀, ìgbà yẹn nìkan ni ẹnì kan ń pe Ràímì ní "Bàbá mi". Láwọn ọjọ́ yòókù, "ọ̀gá onítáìlì" ni, tàbí "ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní yàrá ẹ̀yìn".

Ẹ má bi mí bí ọkùnrin ṣe ń pàdánù ilé rẹ̀ láìjà. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n pe Ràímì lọ síbi iṣẹ́ ńlá kan ní Abuja, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà di ọdún mẹ́ta. Ó ń fowó ránṣẹ́, ó ń pè. Ṣùgbọ́n owó kì í jókòó ti èèyàn jẹun, fóònù kì í sì í bá èèyàn gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná lọ sọ́sibítù. Ìgbà tó máa fi padà sí Ìkòtún, Ganiyat ìyàwó rẹ̀ ti kó ẹrù, ó ti fẹ́ ẹlòmíì, Simeon, ẹni jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà. Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́ ẹnì kan. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Aasiyah ń pe Simeon ní "Dádì". Ràímì gbọ́ ọ lórí fóònù lọ́jọ́ kan, "Dádì, mò ń bọ̀, sà," ó sì dùn ún dé egungun. Ó wá ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ náà ò pe òun ní Dádì rí, nítorí náà kò sẹ́ni tó gba orúkọ òun. Bó ṣe ń tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn.

Yàrá kan ló ń gbé, lẹ́yìn ọjà Ìkòtún. Táìlì àjẹkù ló fi lẹ ilẹ̀ rẹ̀: méjì láti ilé ìdáná kan ní Ìgàndó, mẹ́ta láti pálọ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọ̀kan aláwọ̀ ewé láti mọ́sáláṣí kan ní Òkè-Odò. Èyí pupa, èyí funfun, èyí olódòdó. Ilẹ̀ ilé àwọn ẹlòmíì ló ń tẹ̀ káàkiri lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó ń bá a tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí Ganiyat kọ́kọ́ gbà kó máa bá ọmọ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ tán.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, sà."

"Ilé ìwé ńkọ́?"

"Ó wà, sà."

Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì á máa gbọ́ èémí ara wọn. Ẹni tí kò bá tíì gbé fóònù sétí rí, kó máa wá ọ̀rọ̀ tó máa bá ọmọ bíbí inú rẹ̀ sọ kó má rí, kò tíì mọ ìdánìkanwà. Òkèèrè ló ti ń fẹnu lásán sọ ọ́.

Àfi lọ́jọ́ kan, níbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí, tí Aasiyah sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, "Bàbá mi, asáìmẹ́ǹtì mátíìsì kan wà tí kò yé mi o."

Ọkùnrin yìí ò mọ̀ ọ́n. Ní JSS 2 lòun náà ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó lọ kọ́ṣẹ́. Ó pariwo "Hẹ́lò! Hẹ́lò!" lẹ́ẹ̀mejì, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, kí ọmọ pe òun lọ́la, ló bá pa fóònù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó dé sáìtì, ó ti lọ dúró níwájú àwọn tó ń ta ìwé àlòkù létí ọjà Ìkòtún, ó ń wá ìwé ìṣirò tí kíláàsì ọmọ rẹ̀ ń lò. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń ṣáájú kíláàsì. Bí wọ́n bá wà ní ojú ìwé ogójì, Ràímì ti wà ní àádọ́ta. Ìdérí páálí táìlì ló ń kọ iṣẹ́ náà sí, pẹ́ńsù tó fi ń fàlà lára táìlì ló fi ń kọ ọ́. Èyí tí ọmọ bá sì bi í ní Ọjọ́rú, á kọ déètì sí i lórí, á tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń kọ́ni. Onítáìlì tó bá mọṣẹ́ kì í po síméǹtì kó tó to táìlì gbẹ sílẹ̀ ná, láti rí ibi tí ìgé máa bọ́ sí. Ohun tó fi kọ́ ọmọ náà nìyẹn.

"Tò ó gbẹ ná, má tíì lẹ̀ ẹ́," á wí. "Wọ́n ní 2x, fi 7 kún un, ó jẹ́ 19. Kí ló ń dí x yẹn lọ́wọ́?"

"7 ni, sà."

"Yọ ọ́. Àmọ́ tó o bá ti yọ ọ́ lápá ọ̀tún, yọ ọ́ lápá òsì, kí ilẹ̀ lè tẹ́jú."

"Ó ku 2x, ó jẹ́ 12."

"x méjì jẹ́ 12. Ẹyọ kan ńkọ́?"

"6, sà!"

"Má tíì yọ̀. Gbé 6 yẹn padà síbẹ̀ ká wò ó. Ṣé ó dọ́gba?"

"6 lọ́nà méjì, 12. Fi 7 kún un, 19. Ó dọ́gba, Bàbá mi!"

Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, Ràímì á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa wo ògiri bí ẹni pé ògiri ń bá a ṣàwàdà.

Ọjọ́rú tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá. Aasiyah pè, ó kí i, ó ní, "Bàbá mi, ẹ gbọ́ tòní o. Yàrá kan gùn ní mítà mẹ́rin, ó fẹ̀ ní mítà mẹ́ta. Táìlì mélòó ló máa bo ilẹ̀ rẹ̀, tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ táìlì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ogójì sẹ̀ǹtímítà?"

Ràímì dìde dúró. "Kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó kà á.

"Ó wà nínú ìwé?"

"Ó wà nínú ìwé, sà."

Ẹ̀yin ẹ wo ọkùnrin tó ti ń fi oṣù méjì ja ìjàkadì pẹ̀lú x àti y, tí wọ́n wá bi í ní ohun tó ń ṣe jẹun! Kò tilẹ̀ mú pẹ́ńsù. "Gígùn rẹ̀, 400 sẹ̀ǹtímítà. Pín in sí 40. Mẹ́wàá ló máa wà lórí ìlà kan. Ìbú rẹ̀, 300. Pín in sí 40. Ìlà méje àti ààbọ̀. Ìlà méje odindi, 70 nìyẹn. Ti ààbọ̀ tó kù, táìlì kan máa fún wa ní ààbọ̀ méjì, nítorí náà márùn-ún la máa gé. Ó di mélòó?"

"75, sà." Ó yára dáhùn.

"Dúró ńbẹ̀, kò tíì tán. Ṣé gbogbo táìlì tó wà nínú páálí ló ń délẹ̀ ni? Òmíì ti fọ́ nínú ọkọ̀. Òmíì, ibi tá a ti ń gé e ló máa là sí. Nínú mẹ́wàá mẹ́wàá, ọ̀kan máa fọ́. Fi mẹ́jọ kún un fún èyí tó máa fọ́. Kọ 83 síbẹ̀. Ẹni tó bá ra 75 géérégé máa padà sọ́jà, kò sì ní bá àwọ̀ kan náà mọ́ láyé."

"83," Aasiyah wí. "Ẹ ṣé, Bàbá mi."

Fún odindi ọjọ́ méjì, ẹnu Ràímì ò gbófo. Ó sọ fún Múdàṣírù pé iṣẹ́ àwọn ti dénú ìwé. Ó sọ fún Ìyá Tóbi tó ń gbé yàrá tó kángun sí tirẹ̀. Ó sọ fún ẹni tó ń ta síméǹtì, ẹni tí kò bi í. "83 ni mo ní kó kọ," á wí, "tíṣà wọn gan-an á mọ̀ pé ẹni tó mọṣẹ́ ló wà lẹ́yìn ọmọ yìí."

Ní Sátidé, Ganiyat jẹ́ kí ọmọ wá kí i, ìgbà àkọ́kọ́ látinú oṣù kẹjọ. Ó mú un wá sí rándàbáòtù Ìkòtún, ó ní, "Aago márùn-ún ni mo máa wá mú un o." Ràímì ní ó dáa. Ẹni méjì tó ti sùn lórí ẹní kan náà fún ọdún méje ò rí ju ìyẹn sọ.

Ó ti ra àga kejì sílẹ̀. Ó ti ra abọ́ tuntun. Ó se ìrẹsì, ó din ẹja, ó sì bu ti ọmọ kún ju bó ṣe lè jẹ ẹ́ lọ. Aasiyah ń fò láti orí táìlì kan sí òmíràn, ó ń bèèrè ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, bàbá rẹ̀ ń dá a lóhùn. Ó ti ga. Ohùn rẹ̀ lórí fóònù kò sọ fún bàbá rẹ̀ pé ó ti ga tó bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ ni Ìyá Tóbi pè é síta pé kó wá kí òun, kí òun fojú rí ọmọ onímátíìsì. Ó jáde lọ, báàgì ilé ìwé rẹ̀ wà lórí àga kejì.

Kì í ṣe pé Ràímì fẹ́ tú ẹrù ọmọ. Ó kàn fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí 83 ni, pẹ̀lú máàkì pupa tíṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó fa ìwé ìṣirò náà yọ, ó ṣí i, ó rí yàrá mítà mẹ́rin sí mẹ́ta. 75 ló wà níbẹ̀. Tíṣà ti fi bíró pupa máàkì í pé ó gbà á, ó fọwọ́ sí i, ó sì kọ déètì: ọjọ́ kẹwàá. Ràímì ka déètì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ kẹwàá, ọjọ́ Ajé ni. Ọjọ́rú ọjọ́ kejìlá ni ọmọ pe òun.

Ó tẹ orúnkún, ó fa páálí yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. 2x àti 7: ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹwàá, ló wà lára páálí. Nínú ìwé ọmọ, tíṣà ti máàkì í ní ọjọ́ kẹrìnlá. Ó mú òmíì, ó tún mú òmíì. Kò sí èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí Ọjọ́rú kankan tí Aasiyah bi í ní ohun tí kò tíì mọ̀.

Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo iṣẹ́ tó ti bi bàbá rẹ̀, ọmọ náà fi pẹ́ńsù kọ nǹkan kékeré kan sí etí ìwé: *Bàbá mi*. Àwọn tó rọrùn ló kọ ọ́ sí. Àwọn tó le, kò kọ ọ́ sí wọn, ọwọ́ ẹlòmíì ló wà níbẹ̀, ọwọ́ Simeon, lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó gún régé, tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é. Ọmọ ọdún méjìlá jókòó, ó ń ṣà á fún un bí ìyá ṣe ń yọ egungun ẹja fún ọmọ kó má bàa há a lọ́fun.

Ó dá ìwé padà sínú báàgì. Ó ti páálí padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí Aasiyah wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá mi, kí ló ṣe ojú yín?"

"Èéfín sítóòfù ni."

Aasiyah wo sítóòfù. Ó ti kú tipẹ́. Ó wo báàgì rẹ̀. Ó jókòó, ó sì jẹ gbogbo ìrẹsì tó kù nínú abọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó hàn pé ó ti yó.

Ó dun Ràímì, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó dùn ún ju ọjọ́ tó bá yàrá ní òfìfo lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó mọ ohun tó sọ nù. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rí i pé ohun tí òun rò pé òun ní, kò sí lọ́wọ́ òun rárá. Ó rò pé òun ló ń gbé ọmọ, láìmọ̀ pé ọmọ ló pọn òun. Tó bá rántí 83 tó ti ń sọ káàkiri, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Ní Mọ́ńdè, Múdàṣírù bi í pé, "Ọ̀gá, tíṣà ti máàkì 83 wa?" Ó ní kó gbé síméǹtì wá jàre.

Pálọ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n ń ṣe, mítà mẹ́fà sí mítà mẹ́rin àti ọgọ́rin sẹ̀ǹtímítà, táìlì ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà. Ọgọ́rin táìlì ló wọlẹ̀. 88 ni Ràímì ní kí onílé rà. Mẹ́fà fọ́, méjì ṣẹ́ kù. Wọ́n parí rẹ̀ ní ọ̀sán Túsìdeè, onílé ní kó máa gbé méjì náà lọ.

Ó sì ti pinnu. Kò yẹ kí ọmọ máa ṣe ìtọ́jú bàbá. Bó bá pè ní Ọjọ́rú, òun á sọ fún un pé, "Aasiyah, má yọ ara rẹ lẹ́nu mọ́. Dádì rẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ." Gbólóhùn méjì péré. Ó ń dán an wò lẹ́nu bó ṣe ń ti sáìtì bọ̀. Ó mọ̀ dáadáa pé tí òun bá ti sọ ọ́, Ọjọ́rú ti tán nìyẹn. "Ṣé o ti jẹun" ló kù, àti èémí.

Aago mẹ́rin ààbọ̀, fóònù dún.

"Bàbá mi, ẹ káàárọ̀... ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà." "Mo ní asáìmẹ́ǹtì kan."

Ràímì la ẹnu. Gbólóhùn méjì yẹn wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sára táìlì méjì tó fi ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

"Fi tìrẹ sílẹ̀ ná," ó wí. "Èmi ni mo ní asáìmẹ́ǹtì lónìí. Iṣẹ́ kan ni wọ́n gbé fún mi, kò yé mi dáadáa. O lè bá mi wò ó?"

Ràímì gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà, "Ẹ sọ ọ́, sà. Mo ti mú bíró."

"Pálọ̀ kan ni, ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó gùn ní mítà mẹ́fà. Ó fẹ̀ ní mítà mẹ́rin àti ọgọ́rin sẹ̀ǹtímítà. Táìlì ọgọ́ta ni onílé fẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká tò ó gbẹ ná, Bàbá mi."

"Ká tò ó gbẹ."

"Gígùn rẹ̀, 600. Ẹ pín in sí 60."

"Mélòó nìyẹn?" Ràímì ti mú pẹ́ńsù àti páálí, ó ń kọ ọ́ ní ti tòótọ́.

"Mẹ́wàá lórí ìlà kan. Ìbú rẹ̀, 480. Ẹ pín ìyẹn náà sí 60." Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń dúró dè é lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí Ràímì ṣe máa ń dúró dè é. "Ìlà mẹ́jọ. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́jọ, 80. Ṣé ó yé yín, sà?"

"Ó ti ń yé mi. Ṣé ó tán?"

Ràímì gbọ́ èémí rẹ̀. Ó gbọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé Simeon lẹ́yìn rẹ̀.

"Kò tíì tán," Aasiyah wí. "Ẹ fi mẹ́jọ kún un, Bàbá mi. Fún èyí tó máa fọ́. 88 ni kí ẹ ní kí wọ́n rà, kí wọ́n má padà sọ́jà lọ bá àwọ̀ mìíì."

Ràímì gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, ó ń wo táìlì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Bàbá mi? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Ẹ̀ẹ́n. Ṣé ẹ máa ní òmíì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, sà?"

"Wọ́n máa ń gbé e fún mi dáadáa."

"Dádì ń pè mí, sà. Ó dìgbà kan ná."

Fóònù kú. Yàrá dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́, aago mẹ́rin ààbọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sì jìnnà réré. Ràímì kọ 88 sí ìsàlẹ̀ páálí, ó kọ déètì, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fa ìdérí páálí mìíràn sọ́dọ̀. Ó ronú kan ilé ìdáná kan tó ti parí ní Ìgàndó látinú oṣù kẹsàn-án, èyí tí igun rẹ̀ kan dábùú, tí kò le jù, tí kò sì rọrùn jù. Ó kọ gígùn rẹ̀ sílẹ̀, ó kọ ìbú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí etí páálí náà, kékeré: *Aasiyah*.